Ewé Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ọbẹ̀ Kan

Ìyá ọkọ mi kì í fi ojú wo egbò, imú ni wọ́n fi ń wò ó. Wọn á gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹni sórí itan wọn, wọn á tẹrí ba, wọn á fa imú. Bí egbò bá ti fẹ́ kẹ̀, wọ́n máa ń mọ̀ kí ọyún tó yọjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe sí ọbẹ̀ láàárọ̀. Wọn á ṣí ìkòkò àná, wọn á fa imú, wọn á ní kí á gbé e kaná tàbí kí á dà á nù. N ò rí ìgbà tí wọ́n ṣì í rí, bẹ́ẹ̀ oníjàngbọ̀n ni mí, mo máa ń wá ibi tí wọ́n ti máa ṣì í.

Ará òkè ni mí. Láti ìlú kan lápá Ọ̀yọ́ ni mo ti wá gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìyànà Ìbà. Ibẹ̀ ni káfíńtà kan, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, ti rí mi tó ní òun máa fẹ́ mi, kò sì jẹ́ kí n sinmi títí mo fi gbà. Ẹgbẹ́ ni wá. N kì í fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, “ìwọ” ni mò ń pè é, Káfíńtà sì ni orúkọ tí mo sọ ọ́. Ìyẹn bí ìyá ẹ̀ nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń pe ọkọ lókè lọ́hùn-ún nìyẹn. Mo ní rárá, èmi nìkan ni. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti wọn ti ń wo ara wa bí òrogún, ọkọ mi á sì jókòó sáàárín wa, á máa rẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni. Kò sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà owó epo nìyẹn. Ọ̀nà ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì ni wọ́n ń là lọ́wọ́, típà ń gbé yanrìn kọjá níwájú ilé wa ní Okokomaiko láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, eruku ò sì jẹ́ kí á mọ àwọ̀ ewé mọ́. Gbogbo èèyàn ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ò ní kẹ̀kẹ́ rí ń ra mọ́tò, ẹni tó ń fi àtùpà ríran ń ra fíríìjì de iná tí wọn ò tíì fà dé àdúgbò. Iṣẹ́ Káfíńtà ni kí ó kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí fún gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí kọnkéré bá gbẹ, á tú pákó náà kúrò, á tún fi kan òmíràn níwájú. Èmi ní tèmi ní ẹ̀rọ ìlọta. Abẹ́ páànù níwájú ilé ni mo gbé e sí, bí mo bá sì ti yí i, àwọn tó wà lódìkejì títì mọ̀ pé mo ti jí. Ata ló wà lọ́wọ́ mi, lójú mi, nínú aṣọ mi. Ìyá ọkọ mi ní ó wà lẹ́nu mi náà.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ọgbà wọn wà. Efinrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí aṣọ èèyàn bá kàn án lásán, òórùn ẹ̀ á tẹ̀ lé onítọ̀hún wọlé. Ewúro wà níbẹ̀, ata ilẹ̀ wà níbẹ̀. Aáyù àti kànáfùrù ní tiwọn, ọwọ́ àwọn Hausa ní Ìyànà Ìbà ni wọ́n ti ń rà wọ́n, inú agolo mílíìkì ni wọ́n sì ń kó wọn sí. Nínú ilé yẹn, oúnjẹ àti oògùn ò ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹja bá dé láti etí ọ̀sà ní Ọ̀jọ́ tí a ò lè sè é tán, wọn á gún ata ilẹ̀ àti aáyù mọ́ kànáfùrù àti iyọ̀, wọn á fi ra ẹja náà lára kí wọ́n tó yan án, ìdin ò ní sún mọ́ ọn. Ọbẹ̀ tí a ò fi efinrin sí, nínú ooru Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti ń hó lójú. Èyí tí efinrin wà nínú ẹ̀, a ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Nígbà tí Káfíńtà ní òun náà máa ra fíríìjì, ìyá ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní efinrin tàwọn kì í lo iná.

Láti inú ìkòkò ni wọ́n ti mú ìmọ̀ yìí bọ́ sí ara èèyàn. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ kan, wọ́n ní, báwo ló ṣe máa jẹ́ kí ẹran ara kẹ̀? Mo bá wọn jiyàn nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi. Wọ́n fẹ́ fún omi efinrin sí i nídodo, mo ní n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ewé ọbẹ̀ kan ọmọ mi. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n dúró kí n sùn, kí n tó jí wọ́n ti fún un sí i. Ìwọ́ ọmọ náà gbẹ, ó já, kò rùn, kò ṣomi. Mo pariwo lóòótọ́, àmọ́ mo rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni apẹja kan, Ẹ̀gùn ni, wá láti etí omi pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó wú bí búrẹ́dì. Egungun ẹja ló gún un, ọyún ti kún un. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n fún efinrin sí i, wọ́n gún aáyù àti kànáfùrù lé e, wọ́n dì í. Ọkùnrin náà ń padà wá, wọ́n ń fi imú wò ó, títí ọwọ́ yẹn fi lọ sílẹ̀ tó tún ń fi í fa àwọ̀n. Ó gbé ẹja wá dúpẹ́, ẹja tó tó apá. Ojú mi ni ó ṣe. Èmi tí mo ń jiyàn, èmi náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà mi nídìí ẹ̀rọ pé bí egbò bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n wá bá ìyá ọkọ mi.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé a kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí a gbà gbọ́, a ti rí i tó ṣiṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Káfíńtà wọlé, ó gbé bàtà kan lọ́wọ́, ó ń fi gìgísẹ̀ rìn. Pákó tí wọ́n tú kúrò lára kọnkéré ló tẹ̀, ìṣó tó ti dípẹtà sì gún un wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ fún wọn ní bàtà líle, àmọ́ ó ní ó ń mú òun lẹ́sẹ̀, sílípáàsì rọ́bà ni ó ń wọ̀. Fọ́mánù ní kí ó lọ gba abẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́. Ó débẹ̀, ó rí i pé èrò ti tò lọ rẹrẹ, ó yí padà, ó ń bọ̀ nílé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń pa àwàdà ni. Ó ní èèyàn tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ na ìṣó, bí ìṣó bá san án padà lẹ́ẹ̀kan, kí ló burú?

Mo wo ẹsẹ̀ náà. Ihò kékeré báyìí ni, ẹ̀jẹ̀ ò tilẹ̀ pọ̀. Mo ní kí ó lọ gba abẹ́rẹ́ náà lọ́la. Ìyá ẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan wọn, wọ́n ti ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Wọ́n ní, “Abẹ́rẹ́ ò sá lọ. Bí ó bá fi lè kẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ máa lọ gbà á.”

Ìmọ̀ràn gidi ni lójú mi. Mo gbà á. Ó gbà á. Àdéhùn wa nìyẹn: tó bá kẹ̀, a lọ. Wọ́n fún efinrin sí i, ó ta á, ó pariwo bí ọmọ ọwọ́, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gún aáyù àti kànáfùrù lé e lórí, wọ́n ya aṣọ funfun dì í. Gbogbo ilé ń ta sánsán bí ilé tí wọ́n ti fẹ́ se ọbẹ̀ àlejò.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń tú u. Wọn á tẹrí ba, wọn á fa imú. Ó dára. Wọn á fún tuntun sí i, wọn á dì í padà. Kò wú. Kò pọ́n. Kò ṣomi, kò sì rùn. Kò pẹ́ tí awọ tuntun fi bò ó lójú, awọ tó ń dán. Ọkọ mi padà síbi iṣẹ́, ó tún ń kan pákó ẹ̀. Fọ́mánù bi í léèrè abẹ́rẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ sókè hàn án, ó ní kí ó wò ó fúnra ẹ̀ bí ó bá rí ibi tí abẹ́rẹ́ fẹ́ gbà wọlé. Ó ròyìn ẹ̀ fún wa nílé, a rẹ́rìn-ín, ìyá ẹ̀ ló rín in jù.

Ní àárọ̀ kan, ó ń jẹ àkàrà, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní àgbọ̀n ń dun òun, pé kò fẹ́ ṣí dáadáa. Kí ni gbogbo ilé máa rò? Eyín ni. Akokoro ni. Kò sí ẹni tí ò mọ oògùn akokoro nílé wa, inú agolo mílíìkì kan náà ló wà. Ìyá ẹ̀ mú kànáfùrù, wọ́n ní kí ó fi há ibi tó ń dùn ún, kí ó rún un díẹ̀díẹ̀ kí omi ẹ̀ lè wọ eyín. Ó gbìyànjú. Ẹnu ẹ̀ ò ṣí ju bí ìka kan ṣe lè wọ̀ ọ́ lọ. Kànáfùrù náà bọ́ sílẹ̀. Ó ṣà á, ó tún gbìyànjú, ó tún bọ́. Ó ní ọrùn náà ń ro òun, bóyá ibi tí òun gbórí lé kò dára. Wọ́n fi ata ilẹ̀ àti òróró ra á lọ́rùn, wọ́n ní kí ó sùn, kí ó má lọ síbi iṣẹ́.

Mo jáde lọ síbi ẹ̀rọ mi. Obìnrin kan ti gbé ata dúró. Mo yí ẹ̀rọ, ó dún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ata sí i. Mo gbọ́ igbe láti inú ilé. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí ariwo ni, èèyàn wọn ń sùn, èmi ń lọta. Mo tún da ata sí i. Ìyá ọkọ mi jáde, gèlè ò sí lórí wọn, n ò rí wọn bẹ́ẹ̀ níta rí. Wọ́n ní kí n pa ẹ̀rọ, kí n pa á.

Mo pa á, mo wọlé. Ọkọ mi wà lórí ibùsùn, ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀ kúrò lórí ẹní, orí àti gìgísẹ̀ nìkan ló fi dúró. Ojú ẹ̀ là, gbogbo eyín ẹ̀ hàn. Ó dà bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé, “Káfíńtà, má ṣe yẹ̀yẹ́ yìí lójú ìyá ẹ.” Àwàdà ni mo pè é. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lójú ẹ̀. Omi ń ti ojú ẹ̀ jáde, ẹnu ẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ara ẹ̀ dẹ̀, ó wálẹ̀, ó ń mí. Típà kan kọjá lójú títì, ó rọ́ lu kòtò, gbàmù! Ara ẹ̀ tún le gan-an, ẹ̀yìn ẹ̀ tún tẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ariwo ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ mi. Èmi ni mo ń yí i.

Obìnrin aláta náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí pé ìdajì ata òun ńkọ́. N kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí oníbàárà, àmọ́ ohun tí mo sọ sí i lọ́jọ́ yẹn, n ò lè kọ ọ́ síbí.

Àwọn ará ilé dé. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ayé ni, pé wọ́n ti ń wò ó látìgbà tó ti ríṣẹ́ ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi ti lọ síbi ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e sórí itan wọn, wọ́n tẹrí ba, wọ́n fa imú. Wọ́n tún fa imú. Wọ́n gbójú sókè wò mí, n ò rí irú ojú yẹn rí. Wọ́n ní, “Kò kẹ̀.” Wọ́n tún tẹrí ba. “Kò kẹ̀, ìyàwó mi. Wá gbóòórùn ẹ̀.”

Mo gbóòórùn ẹ̀. Efinrin nìkan ló ń rùn.

Awakọ̀ típà kan tó mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ ló gbé wa lọ sí ọsibítù, ọ̀nà Èkó lọ́hùn-ún. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀ lórí yanrìn, a gbé e lé e, èmi lápá kan, ìyá ẹ̀ lápá kejì. Ọ̀nà tó ń bá wọn ṣe náà ni a gbà. Ibi tí wọ́n ti da ọ̀dà sí, ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, ara ẹ̀ ń dẹ̀. Ibi tí wọn ò tíì dé, kòtò ni, gbogbo kòtò ló sì ń mọ̀ ọ́n lára. Mo ń bẹ awakọ̀ kí ó rọra, ìyá ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kí ó yára. Mo kórìíra wọn nínú típà yẹn. Mo kórìíra wọn, mo sì di ọwọ́ wọn mú lórí àyà ọmọ wọn, torí ibẹ̀ náà ni ọwọ́ tèmi wà.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ò tíì fọwọ́ kàn án tó fi béèrè bóyá nǹkan gún un. A fi àtẹ́lẹsẹ̀ hàn án. Ó gbé iná sí i, ó tẹ ojú ibẹ̀, ó ní, “Ta ló tọ́jú ẹsẹ̀ yìí?”

“Èmi ni,” ni ìyá ọkọ mi wí.

“Ó mọ́ gan-an. Ó ti jiná.” Ó wá ní, “Ṣé ó gba abẹ́rẹ́?”

Ìyá ọkọ mi ní kò kẹ̀ ni. Wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà bi ní ìbéèrè. Nọ́ọ̀sì náà ò sọ̀rọ̀ burúkú. Ó kàn ṣàlàyé pé tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, pé kò pọn dandan kí kòkòrò tó ń fà á mú kí egbò kẹ̀. Ìsàlẹ̀ ihò ìṣó ni ó ń gbé, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, tí oje ewé náà ò sì lè dé. Àwọn kòkòrò tó ń mú ọyún wá, èyí tó ń mú ọbẹ̀ kan, ewé lè bá wọn jà lójú egbò. Èyí ti wà nísàlẹ̀ kí awọ tó pa dé lórí ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí fọ́mánù sọ ni ì bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ dè é.

Wọ́n gbé e sínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé ẹ̀, wọ́n ní kí á má sọ̀rọ̀ sókè, kí á bọ́ bàtà. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ oríṣiríṣi, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Èmi tí wọ́n ní ata wà lẹ́nu mi, etí ẹ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀ sí, wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀, àárín eyín ló ti bọ́. Ó ní, “Pa ẹ̀rọ.” Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Mo ní mo ti pa á. Ó tún ní kí n pa á. Nígbà tí ara ẹ̀ dẹ̀ tí kò le mọ́, mo rò pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì ló wá mú ọwọ́ mi kúrò lára ẹ̀.

Ọ̀jọ́ ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an, bí àwa mùsùlùmí ṣe ń ṣe é. Àwọn obìnrin tó wá dáná fún àwọn tó ń kí wa ja efinrin lẹ́yìn ilé, wọ́n fi sínú ọbẹ̀. Wọn ò mọ̀, ta ló máa sọ fún wọn? Mo gbóòórùn ẹ̀ láti ibi tí mo jókòó opó sí, mo sì bì.

N ò bá ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bọ̀ ní Ìyànà Ìbà, mo kọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí mi. Mo mọ̀ pé ìwà burúkú ni, àmọ́ bí ó ṣe rí nínú mi nìyẹn. N ò sọ ọ́ lẹ́nu pé àwọn ni wọ́n pa á, mo kàn ń gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀ níwájú wọn láìwo ojú wọn. Mo ta ẹ̀rọ náà fún ẹnì kan ní Ajangbadi. N ò lè gbọ́ kí ó dún.

Àwọn náà ò sì fọwọ́ kan egbò mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ wá, wọn á kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró, wọn á ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́. Apẹja Ẹ̀gùn ọjọ́sí mú àbúrò ẹ̀ wá, ó bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n wọlé lọ. Wọn ò gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́ pẹ̀lú. Ọbẹ̀ kan mọ́ wa lọ́wọ́, a jẹ ẹ́, inú run gbogbo wa. Ọgbà efinrin ń dàgbà ṣáá, ó ti bo ojú ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kò sẹ́ni tó ń já a.

Ọjọ́ kan ni mo gbé ọmọ mi fún wọn kí n lè sá aṣọ, òórùn kan sì gbá mi nímú. Mo ti mọ òórùn yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn gan-an ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ọwọ́ wọn. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo fa ọwọ́ náà jáde lábẹ́ ìró. Ẹ̀gún ẹja òbòkún ló gún wọn nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Àtàǹpàkò wọn ti dúdú, ó ti wú, ọyún ń kán. Wọn ò fọ̀ ọ́. Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Wọ́n kàn wé aṣọ mọ́ ọn, wọ́n jókòó tì í.

Mo ní, “Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?”

Wọ́n ní, “Fi í sílẹ̀. Èyí tó yẹ kí ó kẹ̀, kí á lè mọ̀, kò kẹ̀. Jẹ́ kí èyí kẹ̀.”

Ìbínú tí mo ti kó jọ látọjọ́ yìí, n ò mọ ibi tó gbà lọ. Ẹkún ni mo bú sí. Mo gbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ wọn, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo já efinrin ẹ̀kúnwọ́. Mo gbé omi iyọ̀ kaná. Mo gbé ọwọ́ wọn lé itan mi, mo tẹ ọyún náà jáde, mo fọ̀ ọ́, mo ra ewé náà, mo fún un sí i. Ó ta wọ́n. Wọ́n pariwo, igbe ọmọ wọn gẹ́lẹ́ ni, ohùn kan náà, àwa méjèèjì sì gbọ́ ọ. Mo dì í, mo ní kí wọ́n dìde, kí á máa lọ. Wọ́n bi mí pé níbo. Mo ní kí wọ́n wé gèlè wọn.

Èrò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́. A tò. Oòrùn mú wa, àwọn èèyàn ń já wọlé síwájú wa, mo bá wọn jà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n jà. Nígbà tó kàn wá, ìyá ọkọ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n sì yí ojú sọ́dọ̀ mi, wọ́n di aṣọ mi mú. Nọ́ọ̀sì nu apá wọn, ó gún un, ó yọ ọ́, ó ní kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀.

Wọn ò dìde. Wọ́n wo apá wọn, ibi tí wọ́n gún ò tilẹ̀ hàn. Wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wá wò mí.

“Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?”

Mo ní, “Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, Ìyá.”